Bí Sáírìnì Bá Ké, Níbo Là Ń Lọ?

Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ jí. Ó na ọwọ́. Ó na ẹsẹ̀. Ó yọjú lójú fèrèsé.

Omi wà lábẹ́ ilé. Omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Òkun wà lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń mí.

"Hùùù... ṣàà! Hùùù... ṣàà!"

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Ìmọ́lẹ̀ayọ̀. Ìlú Òbè-Ìdùnnú ló ń gbé, pẹ̀lú bàbá rẹ̀, Jòhánù apẹja, àti Màmá Àgbà, ìyá bàbá rẹ̀.

Ní Òbè-Ìdùnnú, orí òpó ni ilé wà. Afárá pákó ló so ilé mọ́ ilé. Tí o bá fẹ́ lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ, orí pákó lo máa gbà.

Kọ̀, kọ̀, kọ̀!

Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ní pẹ́pẹ́yẹ kan. Olóyè lorúkọ rẹ̀.

Olóyè kì í rìn. Ó máa ń yan ni. Á na àyà síwájú, á mi ìdí sọ́tùn-ún, á mi ìdí sósì. Kò sí ẹni tó fi í joyè. Òun ló fi ara rẹ̀ jẹ ẹ́.

"Hẹ̀-hẹ̀-hẹ̀!" ni Olóyè máa ń ké. Pẹ́pẹ́yẹ kì í rẹ́rìn-ín, àmọ́ ohùn rẹ̀ jọ ẹ̀rín.

Orúnkún ń dun Màmá Àgbà. Tó bá rìn dé ibì kan, ó gbọ́dọ̀ jókòó pẹ́ kó tó padà.

"Ẹsẹ̀ mi ò kọ àlọ," ni Màmá Àgbà máa ń wí. "Àbọ̀ ni ò fẹ́."

Òkun tó wà ní Òbè-Ìdùnnú kì í gbọ́ràn. Nígbà mìíràn, á wọlé láìkan ilẹ̀kùn.

Lọ́dún tó kọjá, ó wọ ilé ìdáná Ìyá Àrìnpé, ẹni tó ń yan ẹja. Ó gbé ìkòkò. Ó gbé àpótí ìjókòó. Ó padà wá gbé ilé ìdáná náà.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi mú sáírìnì wá, ẹ̀rọ tó máa ń ké tí òkun bá ń bọ̀.

Áńtí Rhoda, òṣìṣẹ́ ìjọba, ló gbé e wá nínú ọkọ̀ ẹnjíìnì. Ó wọ ṣòkòtò. Ó gun òpó gíga kan. Ó de sáírìnì mọ́ ọn. Kìrì-kìrì-kìrì!

Ẹnu sáírìnì náà fẹ̀ ju ẹnu garawa lọ. Bọ́tìnnì pupa rẹ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Ògúnlànà, nítorí Bàbá Ògúnlànà ni alága sáírìnì.

Kí sáírìnì tó dé, kì í ṣe alága nǹkan kan. Inú rẹ̀ dùn gan-an.

Áńtí Rhoda fún un ní ìwé kan. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí sétí gbogbo ìlú. Ẹ má gbàgbé o."

"Èmi? Kí n gbàgbé?" ni Bàbá Ògúnlànà wí.

Áńtí Rhoda wọ ọkọ̀. Gbùrùrùrù! Ó lọ.

Bàbá Ògúnlànà ti ra akẹtẹ̀ tuntun nítorí oyè alága. Akẹtẹ̀ dúdú ni. Ìyẹ́ pupa wà lára rẹ̀.

Ó dé e. Akẹtẹ̀ náà bọ́ sílẹ̀ dé imú rẹ̀. Ó ti tóbi jù!

Bàbá Ògúnlànà ronú. Ó wo ìwé Áńtí Rhoda. Ó ká a lẹ́ẹ̀kan. Ó ká a lẹ́ẹ̀mejì. Ó ki ìwé náà bọ inú akẹtẹ̀.

Ó tún akẹtẹ̀ dé. Ó bá orí mu wẹ́kú!

Gbogbo ìlú péjọ. Bàbá Ògúnlànà dìde. "Hẹ̀m! Hẹ̀m!"

"Èmi ni mo ní kí sáírìnì wá. Ó sì wá! Èmi ni mo nàka sí òpó tí wọ́n gbé e kọ́. Ẹ wo òpó! Ẹ wo ìka!"

Àwọn èèyàn wo òpó. Wọ́n wo ìka.

Bàbá Ògúnlànà sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó ní. Ó sọ̀rọ̀ nípa ẹja kan tó pa nígbà ọ̀dọ́. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ẹja náà gùn tó apá. Nígbà tó fi máa parí, ó ti gùn tó ọkọ̀.

Oòrùn kúrò níwájú, ó lọ sẹ́yìn. Ìyá Àrìnpé yán. Olóyè sùn.

Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ nawọ́ sókè. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Tí sáírìnì bá ké, níbo là ń lọ?"

"Ṣṣṣ!" ni àwọn àgbà wí. "Ṣé o ò rí i pé Bàbá ń sọ̀rọ̀ ni?"

"Mò ń bọ̀ lórí ìyẹn," ni Bàbá Ògúnlànà wí.

Kò dé orí ìyẹn. Ebi pa gbogbo èèyàn, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n lọ jẹun.

Lọ́jọ́ Ajé, Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ń jẹ púpurù àti ẹja. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bu òkèlè kẹta ni.

"WÚÙÙÙÙ! WÚÙÙÙÙ!"

Òkèlè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Olóyè gbé e mì.

"Màmá Àgbà! Sáírìnì! Níbo là ń lọ?"

"Ṣọ́ọ̀ṣì ni, ọmọ mi," ni Màmá Àgbà wí. Ó ń wá aṣọ funfun rẹ̀. "Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, tí nǹkan bá ti dún nílùú yìí, ṣọ́ọ̀ṣì là ń lọ."

Wọ́n jáde sórí afárá. Háà! Wàhálà dé.

Ìyá Àrìnpé ń sáré lọ sí èbúté. Agbọ̀n ẹja wà lórí rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, níbo là ń lọ?"

"Èbúté!" ni Ìyá Àrìnpé wí. "Ọkọ̀ la máa wọ̀!"

Promise, ọmọ Ìyá Àrìnpé, wà lórí igi àgbọn.

"Promise, níbo là ń lọ?"

"Òkè!" ni Promise wí. Ó wolẹ̀. "Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ̀ o!"

Dayọ̀ awakọ̀ ń sáré bọ̀ láti ọ̀tún. Ó dúró. Ó sáré padà sí ọ̀tún.

"Bọ̀dá Dayọ̀, níbo là ń lọ?"

"Mi ò mọ̀!" ni Dayọ̀ wí. "Sáà máa sáré!"

Àwọn tó ń lọ kọlu àwọn tó ń bọ̀. Gbì! Àwọn tó ń bọ̀ kọlu àwọn tó dúró. Gbì! Ẹnì kan ṣubú sínú omi. Jàbú!

Èèyàn tó pọ̀ jù lọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n wọ aṣọ funfun. Wọ́n jókòó. Wọ́n ń wo ara wọn.

Létí òkun gan-an ni ṣọ́ọ̀ṣì náà wà. Òkun wà lẹ́yìn fèrèsé, ó ń mí. "Hùùù... ṣàà!"

Bàbá Ògúnlànà yan wọlé. "Ẹ ṣé o! Ẹ ṣé o! Kò sí nǹkan. Àbúrò mi ló wá kí mi láti Awoye. Mo ní kó gbọ́ ohùn sáírìnì mi."

"Ṣé a ṣe é dáadáa?" ni Dayọ̀ bi í.

"Dáadáa ni!" ni Bàbá Ògúnlànà wí. "Gbogbo yín lẹ sáré."

Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ fa aṣọ rẹ̀. "Bàbá, ìwé tí Áńtí Rhoda fún yín ńkọ́?"

"Má dààmú," ni Bàbá Ògúnlànà wí. Ó fọwọ́ kan akẹtẹ̀. "Ó wà lórí mi."

Bàbá kò purọ́.

Màmá Àgbà jókòó lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí wọ́n tó padà délé. Ó fọwọ́ pa orúnkún. "Yéè! Àbọ̀ yìí."

Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ń wò ó. Inú rẹ̀ kò dùn.

Tó bá jẹ́ òkun ló ń bọ̀ lóòótọ́ ńkọ́? Tí wọ́n bá lọ síbi tí kò yẹ ńkọ́? Àwọn yòókù lè sáré padà. Màmá Àgbà kò lè sáré padà. Àlọ kan ṣoṣo ló ní.

"Olóyè," ni Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ wí, "níbo là ń lọ?"

 Olóyè lọ fi ìdí ra òpó ilé.

Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ wo òpó náà. Ìlà kan wà lára rẹ̀. Ìlà ẹrẹ̀ ni.

"Màmá Àgbà, kí ló fa ìlà yìí?"

"Òkun ni," ni Màmá Àgbà wí. "Lọ́jọ́ tó gbé ilé ìdáná Ìyá Àrìnpé, ibi tó kún dé nìyẹn."

Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ dúró ti ìlà náà. Ìlà náà dé ìbàdí rẹ̀.

Ó lọ sí èbúté. Kọ̀, kọ̀, kọ̀! Ìlà tibẹ̀ dé ọrùn rẹ̀.

Ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kọ̀, kọ̀, kọ̀! Ìlà tibẹ̀ ga ju orí rẹ̀ lọ. Ó fò, ọwọ́ rẹ̀ kò tó o.

Ó lọ sí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé-ẹ̀kọ́, lẹ́yìn ìlú lọ́hùn-ún. Ó jìnnà díẹ̀. Kọ̀, kọ̀, kọ̀, kọ̀, kọ̀, kọ̀!

Ó wo òpó kìn-ín-ní. Kò sí ìlà. Ó wo òpó kejì. Kò sí ìlà. Ó wo gbogbo òpó. Kò sí ìlà kankan!

"Ibí ni!" ni Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ pariwo. "Ibí là ń lọ!"

Ó sáré lọ sọ fún Ìyá Àrìnpé.

"Ṣé Bàbá Ògúnlànà ló sọ bẹ́ẹ̀?" ni Ìyá Àrìnpé bi í.

"Rárá mà. Òpó ló sọ bẹ́ẹ̀."

Ìyá Àrìnpé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Òpó ti ń sọ̀rọ̀! Ẹ gbà mí o!"

Ó sọ fún Dayọ̀. Dayọ̀ fún un ní àgbọn, ó ní kó lọ ṣeré.

Lọ́jọ́rú, Bàbá Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ń fi ọ̀dà funfun kun ọkọ̀ rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ń wò ó. Ó ń ronú. Kò wolẹ̀.

Pọ́tọ́! Ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ́ sínú ọ̀dà.

Ó wọlé lọ mu omi. Pà! Pà! Pà!

"Ìmọ́lẹ̀ayọ̀!" ni Màmá Àgbà pè. "O ti lọ sídìí ìkòkò omi. O ti lọ sídìí ẹja mi. O tún ti gun ibùsùn mi!"

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ẹsẹ̀ rẹ ni. Ṣé mi ò rí i nílẹ̀ ni? Ó ń nàka sí gbogbo ibi tó o lọ."

Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ wo ẹsẹ̀ funfun tó wà nílẹ̀. Ìka ẹsẹ̀ kọjú sí ibi tó lọ. Ó ya ẹnu sílẹ̀.

Ó sáré jáde. "Bàbá! Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè mú ọ̀dà tó kù?"

"Mú un," ni bàbá rẹ̀ wí. "Àmọ́ má fi kun ewúrẹ́ Ìyá Àrìnpé mọ́."

Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ki ẹsẹ̀ bọ ọ̀dà. Ó rìn láti ilé dé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Pà! Pà! Pà!

Ó nu ẹsẹ̀ dáadáa kó tó padà. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣìnà.

Ó rìn láti èbúté dé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Pà! Pà! Pà! Ó nu ẹsẹ̀.

Ó rìn láti ṣọ́ọ̀ṣì dé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Pà! Pà! Pà!

Olóyè náà bọ́ sínú ọ̀dà. Ó yan tẹ̀lé e. Pẹ̀! Pẹ̀! Pẹ̀!

Lọ́jọ́bọ̀, Bàbá Ògúnlànà jáde. Ó rí afárá.

"Ta ló ba afárá ìlú jẹ́?" Ìyẹ́ pupa ń gbọ̀n lórí akẹtẹ̀. "Lábẹ́ alága bí èmi! Kí wọ́n fi kànìnkànìn fọ gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé!"

Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ sá pamọ́ sẹ́yìn Màmá Àgbà.  Màmá Àgbà ń wo ẹsẹ̀ funfun, ó ń ronú.

Ṣùgbọ́n Ẹtì ló máa ń ṣáájú Sátidé.

Lọ́jọ́ Ẹtì, bàbá Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ lọ ra àwọ̀n ní Òde Mahin. Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ àti Màmá Àgbà nìkan ló wà nílé.

Òkun yí ohùn padà.

"Hùùùùù... GBÀÀ! Hùùùùù... GBÀÀ!"

Bàbá Ògúnlànà ń wo ara rẹ̀ nínú dígí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàtà rẹ̀ tutù. Ó wolẹ̀. Omi!

Ó tẹ bọ́tìnnì pupa.

"WÚÙÙÙÙ! WÚÙÙÙÙ! WÚÙÙÙÙ!"

"Ta ló tún wá kí Bàbá Ògúnlànà?" ni Ìyá Àrìnpé wí. Omi bá a ní kókósẹ̀. Ó kígbe.

Wàhálà tún dé! Àwọn kan ń sáré lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn kan ń sáré lọ sí èbúté. Dayọ̀ ń sáré lọ, ó ń sáré bọ̀. Gbì! Gbì! Jàbú!

Màmá Àgbà na ọwọ́ sí aṣọ funfun rẹ̀.

"Màmá Àgbà, rárá!" Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹsẹ̀! Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé ẹsẹ̀!"

Màmá Àgbà wo ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ayé rẹ̀ ló ti ń gba ọ̀nà yẹn. Ó wo ẹsẹ̀ funfun. Ó wo ọmọ ọmọ rẹ̀.

"Àlọ kan ṣoṣo ni mo ní o," ni Màmá Àgbà wí jẹ́jẹ́.

"Mo mọ̀," ni Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ wí.

Màmá Àgbà fi aṣọ funfun sílẹ̀.

Wọ́n jáde. Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ wà níwájú. Màmá Àgbà tẹ̀lé e. Olóyè ń yan lẹ́yìn. Kọ̀... kọ̀... kọ̀...

Ìyá Àrìnpé kọjá pẹ̀lú ariwo. Ó dúró. Gbogbo ìlú ló ń sáré, àmọ́ Màmá Àgbà ń rìn bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ.

"Màmá, níbo lẹ̀ ń lọ?"

"Mò ń tẹ̀lé ẹsẹ̀," ni Màmá Àgbà wí.

Ìyá Àrìnpé wolẹ̀. Ó rí ẹsẹ̀. "Promise! Sọ̀ lórí igi! Wá tẹ̀lé ẹsẹ̀!"

Dayọ̀ gbọ́. Ó wolẹ̀. "Ẹsẹ̀! Ẹ tẹ̀lé ẹsẹ̀!"

Àwọn tó wà ní èbúté wolẹ̀. Àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wolẹ̀. Gbogbo ẹsẹ̀ kọjú sí ọ̀nà kan náà.

Kọ̀, kọ̀, kọ̀, kọ̀, kọ̀! Kò sí ẹni tó kọlu ẹnì kan.

Bàbá Ògúnlànà dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Ó wo ọ̀tún. Ó wo òsì. Ó ti fi sáírìnì pe gbogbo ìlú. Àmọ́ níbo ni òun alára ń lọ?

Kò mọ̀.

Ó rí àwọn èèyàn tó ń lọ. Ó di akẹtẹ̀ rẹ̀ mú, ó tẹ̀lé wọn. Òun ló kẹ́yìn.

Gbogbo ìlú gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Dayọ̀ kà wọ́n. Wọ́n pé! Màmá Àgbà wà lórí àga tíṣà, ó na ẹsẹ̀.

Wọ́n wo ìsàlẹ̀. Omi ti bo èbúté. Omi ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì láti ojú fèrèsé.

Kò sí ẹnì kankan nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Màmá Àgbà fa Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ mọ́ra. Ó dì í mú pinpin.

Atẹ́gùn fẹ́. Fẹ̀ẹ̀! Ó ṣí akẹtẹ̀ Bàbá Ògúnlànà. Akẹtẹ̀ fò lọ sínú omi. Ìwé kan já bọ́ sílẹ̀.

Promise mú un. Ó tú u lẹ́ẹ̀kan. Ó tú u lẹ́ẹ̀mejì. Ó kà á sókè.

"Bí sáírìnì bá ké, ẹ kọ ẹ̀yìn sí òkun. Ẹ lọ sí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé-ẹ̀kọ́."

 Gbogbo èèyàn wo ìwé. Wọ́n wo orí Bàbá Ògúnlànà.

"Hẹ̀m! Hẹ̀m!" ni Bàbá Ògúnlànà wí. "Ṣé ẹ rí i? Mo mọ̀ ọ́n. Ìdí tí mo fi tẹ ẹsẹ̀ sórí afárá nìyẹn."

"Ẹ̀yin lẹ tẹ̀ ẹ́?" ni Ìyá Àrìnpé bi í.

"Èmi ni! Ẹsẹ̀ mi nìyẹn."

Ẹsẹ̀ funfun kan wà lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ fi ẹsẹ̀ yín lé e," ni Màmá Àgbà wí.

Bàbá Ògúnlànà bọ́ bàtà. Ó fi ẹsẹ̀ lé e. Ẹsẹ̀ kékeré náà pòórá lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ó... ó ti súnkì ni," ni Bàbá Ògúnlànà wí.

Ìyá Àrìnpé tún wolẹ̀. Ẹsẹ̀ oníka mẹ́ta kan wà níbẹ̀. "Èyí ńkọ́, Bàbá? Ṣé tiyín ni?"

"Hẹ̀-hẹ̀-hẹ̀!" ni Olóyè ké.

Promise kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Dayọ̀ rẹ́rìn-ín. Gbogbo pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rẹ́rìn-ín. Ẹnu Bàbá Ògúnlànà ń gbọ̀n. Kò lè pa á mọ́ra mọ́. Òun náà bú sẹ́rìn-ín.

"Ó dáa," ló wí. "Kì í ṣe ẹsẹ̀ mi. Ẹsẹ̀ ta ni?"

Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ rìn síwájú. Ó fi ẹsẹ̀ lé e. Ó bá a mu wẹ́kú.

Nígbà tí omi fà, ọkọ̀ bàbá Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ dé láti Òde Mahin. Ó rí ilé, kò rí èèyàn. Àyà rẹ̀ já. Ó wá wo afárá.

Ó tẹ̀lé ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, kò sí ẹni tó fọ afárá. Gbogbo ìlú gbé ọ̀dà jáde. Bàbá Ògúnlànà tẹ ẹsẹ̀ tirẹ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ dé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Pààà! Pààà! Pààà!

Lẹ́yìn náà, ó dìde láti sọ̀rọ̀. Àwọn èèyàn wá ibi tí wọ́n máa fara tì. Ìyá Àrìnpé ti ń yán.

"Tó bá ké, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì là ń lọ," ni Bàbá Ògúnlànà wí.

Ó jókòó.

Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta wọ́n.

Akẹtẹ̀ dúdú náà ńkọ́? Ẹ wo inú omi lábẹ́ ilé Ìmọ́lẹ̀ayọ̀. Akẹtẹ̀ ń léfòó, ìyẹ́ pupa rẹ̀ dúró ṣánṣán. Olóyè jókòó sínú rẹ̀, ó na àyà síwájú.

Ó bá Olóyè mu wẹ́kú. Kò nílò ìwé kankan.